Páálí Kéèkì Mẹ́ta tí Mo Fi Ṣe Kúkíìsì ní Sùúrùlérè

Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni ìyẹ̀fun kéèkì alápòpọ̀ inú páálí, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ ti po ìyẹ̀fun àlìkámà, ṣúgà, béékìn páúdà, iyọ̀ àti fánílà pọ̀ sínú ọ̀rá kan, tí ó fi jẹ́ pé ẹyin, òróró àti omi nìkan ni ó kù fún ẹni tí ó rà á láti fi sí i. Kì í ṣe kéèkì ni mo fi tèmi ṣe. Kúkíìsì ni, ìyẹn bisikíìtì rírọ̀ tí a ń yan nílé, tí etí rẹ̀ le díẹ̀, tí àárín rẹ̀ sì ń tẹ̀ bí ènìyàn bá fi ìka kàn án. Páálí mẹ́ta ni mo rà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, méjì ní Sùúrùlérè, ọ̀kan ní Erékùṣù Èkó, owó ara mi ni mo sì fi rà wọ́n. Èkíní bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, èkejì ti bàjẹ́ kí ó tó dé ọwọ́ mi, ẹ̀kẹta ni ó jẹ́ kí n lè jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Aya àbúrò mi tí ó ń gbé ní Àgùdà ni ó fà á. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ti ránṣẹ́ pé kí òbí kọ̀ọ̀kan fi ìpápánu ránṣẹ́ fún àríyá ìparí sáà ẹ̀kọ́. Ṣinṣín ni mo ní lọ́kàn láti dín gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ṣú kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé ní Ọjọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó bá ti gé ṣinṣín rí mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí a ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́. "Àǹtí mi," ó wí fún mi lórí fóònù, "ẹ má fìyà jẹ ara yín. Ẹ ra páálí kéèkì kan, ẹ fọ́ ẹyin méjì sí i, ẹ da òróró ìdajì ife lé e, ẹ má bu omi sí i rárá. Ẹ yí i róbótó-róbótó, ẹ tì í sínú ààrò." Mo bi í pé ṣé kò kù síbì kan. Ó ní, "Kò kù síbì kankan, mà."

Omi tí ó ní kí n má bu sí i yẹn ni ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn páálí náà sọ pé ẹyin mẹ́ta, òróró díẹ̀ àti omi tí ó tó nǹkan bí ife kan ni a ó fi po kéèkì, àpòpọ̀ tí ó ń ṣàn bí ẹ̀wà tí a lọ̀ fún mọ́ínmọ́ín. Nígbà tí a bá yọ omi kúrò, ìyẹ̀fun kò ní rí omi mu tó, ṣúgà tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ kò ní yọ́ tán, ohun tí ó wà nínú abọ́ yóò sì ki débi tí a fi lè fi àtẹ́lẹwọ́ yí i. Béékìn páúdà inú rẹ̀ kò mọ̀ pé a ti yí èrò padà. Iṣẹ́ kéèkì tí wọ́n torí rẹ̀ fi í sínú páálí náà ni yóò máa ṣe. Ìdí nìyẹn tí kúkíìsì báyìí fi ń wú bí ìrọ̀rí kékeré, tí orí rẹ̀ sì ń sán. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ bisikíìtì gbígbẹ tí ó le, tí ń ró lábẹ́ eyín, kí ó má wulẹ̀ náwó rẹ̀ sí i.

Páálí èkíní, ilé ìtajà kan tí kò jìnnà sí ojú ọ̀nà Adéníran Ògúnsànyà ni mo ti rà á. Ó mọ́ tónítóní, nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ ṣì jìnnà, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù 432. Mo ṣe gẹ́gẹ́ bí a ti wí: ẹyin méjì, òróró mìlílítà 120. Ohun tí mo rí nínú abọ́ ń dán bí iwájú orí ẹni tí ó fi àdí àgbọn para, ó sì ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ débi pé ṣíbí ni mo fi bù ú sórí tírè, ẹyọ méjìlá. Iná ti lọ láti ọ̀sán, ilé ìdáná gbóná bí ìdí ààrò fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo ṣí ààrò lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, n kò bá kúkíìsì méjìlá níbẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo bá, ó fẹ̀ tó tírè, ó sì fi ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti pàdé ẹnì kejì hàn bí ilà ojú. Mo fi ọ̀bẹ gé e ní igun mẹ́rin-mẹ́rin, àwọn ọmọ sì gbé e lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n ní àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn jẹ ẹ́ tán, ṣùgbọ́n ọmọ mélòó ni ó ń kọ ṣúgà?

Ooru ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi, ó sì ní ìpín tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó ti òṣùwọ̀n mi, mo rí i pé ìṣirò ni ó kọ́kọ́ ṣẹ̀. Ọjọ́ orí ìyẹ̀fun alápòpọ̀ yìí ti pẹ́. Ní ìlú Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ P. Duff and Sons tí ń ta oje ìrèké dúdú gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú rẹ̀ ní ọdún 1933, oje ìrèké tí wọ́n ti gbẹ ni wọ́n sì pò mọ́ ìyẹ̀fun. Láàárín gbogbo ọdún tí ó ti kọjá láti ìgbà náà, ohun tí ó wà nínú páálí kò dúró sí ojú kan. Ó pẹ́ gan-an tí páálí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà fi ń wọn ounce 18.25, ìyẹn nǹkan bí gíráàmù 517. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dín in kù sí ounce 15.25, tí í ṣe gíráàmù 432 tí mo gbé lọ́wọ́ yìí, àwọn mìíràn sì ti tún bọ́ sí ounce 13.25, tí kò ju nǹkan bí gíráàmù 375 lọ. Ìlànà ẹyin méjì pẹ̀lú òróró ìdajì ife tí aya àbúrò mi kà fún mi lórí fóònù, ìgbà páálí ńlá ni wọ́n ti ń lò ó. Páálí ti rù, ìlànà kò rù. Ẹni tí ó bá da ẹyin àti òróró ti gíráàmù 517 lé gíráàmù 432 lórí ti jẹ́ kí ohun olómi borí ìyẹ̀fun, kò sì sí bí kúkíìsì rẹ̀ kò ṣe ní tẹ́ pẹrẹsẹ. Gíráàmù 85 ni àlàfo náà. N kò bá aya àbúrò mi jà. Ẹni tí ó kọ́ ọ pàápàá, bóyá láti ẹnu ẹlòmíràn ni ó ti gbọ́ ọ.

Adùn rẹ̀ ni ẹ̀sùn tí mo ní tí kò ṣe é yanjú pátápátá. Bí wọ́n ṣe ń to ohun tí a fi ṣe oúnjẹ sára páálí ni pé èyí tí ó wúwo jù ni yóò ṣíwájú, lára páálí mi yìí, ṣúgà ni ó ṣíwájú, ìyẹ̀fun ni ó tẹ̀lé e. Nínú kéèkì, a kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára, nítorí omi àti ẹyin mẹ́ta yóò ti là á. Nínú kúkíìsì, ihòòhò ni ṣúgà náà ń rìn. Ó tún ní ìwà kan tí ojú ọjọ́ Èkó kò gbà: ṣúgà máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ tiwa níhìn-ín kì í gbẹ. Èyí tí mo fi sílẹ̀ lórí àwo ní alẹ́ ti rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ó sì lẹ̀ mọ́ àwo náà. Agolo tí ó ní ìdérí tí ó há dáadáa ni ibùgbé rẹ̀, kí ó sì ti tutù pátápátá kí a tó kó o sínú agolo, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ oru ara rẹ̀ ni yóò rọ̀ ọ́.

Ìtàn páálí èkejì kò gùn. Mo bọ́ sílẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà ní Sátidé kan nítorí ọ̀rọ̀ aṣọ, mo sì rí páálí kan náà ní ìsọ̀ kan lórí Erékùṣù tí owó rẹ̀ fi díẹ̀ dín sí ti Sùúrùlérè. N kò wo ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí pẹpẹ. Nígbà tí mo dé ilé tí mo já ọ̀rá inú rẹ̀, òórùn ọṣẹ ìfọṣọ ni ó kí mi káàbọ̀. Ọ̀rá jíjẹ wà nínú ìyẹ̀fun yìí, ọ̀rá a sì máa di òórùn mú. Páálí kò lè dá òórùn ọṣẹ dúró bí wọ́n bá jọ gbé fún oṣù púpọ̀. Mo yan ẹyọ mẹ́fà bóyá iná yóò lé e lọ. Kò lọ. Mo gbé páálí náà padà ní ọ̀sẹ̀ kejì. "Màmá, ẹ kú ọjà o," mo wí, mo sì na ìyẹ̀fun náà sí wọn kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, má bínú, bí wọ́n ṣe kó o fún mi ni mo ṣe tà á fún ọ." Wọn kò dá owó padà, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọṣẹ kan tù mí nínú, òórùn kan náà ni ó sì ń ta. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń gbé páálí sí imú kí n tó sanwó, mo sì máa ń mì í jẹ́jẹ́; bí ohun inú rẹ̀ bá ń ró bí òkúta wẹ́wẹ́, omi ti dé ibẹ̀.

Mo padà sí ilé ìtajà Sùúrùlérè fún ẹ̀kẹta, mo sì ra irú ti àkọ́kọ́ gan-an, kí ó lè jẹ́ pé ọwọ́ mi nìkan ni ó yí padà. Ìyẹ̀fun gíráàmù 85 ni mo kọ́kọ́ fi dí àlàfo tí ilé-iṣẹ́ dá sílẹ̀. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n nílé lè lo agolo kékeré mílíìkì olómi: bí a bá fi ṣíbí bu ìyẹ̀fun kún un láìkì í mọ́lẹ̀, tí a sì fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba, ó súnmọ́ ìwọ̀n náà débi tí kúkíìsì kò fi ní mọ ìyàtọ̀. Mo fi iyọ̀ sí i, ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí kékeré. Dípò òróró, mo yọ́ bọ́tà gíráàmù 113, tí kò pé ìdajì èyí tí a ń tà ní gíráàmù 250, mo sì jẹ́ kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ó má baà se ẹyin nínú abọ́. Ẹyin náà ṣì jẹ́ méjì. Bọ́tà ní adùn tirẹ̀ tí ó ń bá fánílà ilé-iṣẹ́ yẹn jà, ó sì ń dì padà bí ó bá bọ́ sínú òtútù, èyí tí òróró kì í ṣe. Ohun tí ó kù ni ẹ̀pà yíyan, irú èyí tí wọ́n ń rọ sínú ìgò tà ní Òyìngbò. Mo gún un ní àgúnfọ́, kò kúnná, ife kan dín díẹ̀, mo sì bu àgbọn tí mo ti rin tí mo sì yan gbẹ lórí iná lé e. Ẹ̀pà yìí ni ó gba àwo náà sílẹ̀. Iyọ̀ ara rẹ̀ àti kíkorò díẹ̀ tí ó wà lára ẹ̀pà tí iná ti jó mú kí ṣúgà náà jókòó jẹ́jẹ́.

Ó yẹ kí àpòpọ̀ náà lo ìdajì wákàtí nínú fíríìjì ó kéré tán, kí bọ́tà lè dì, kí ó má baà ṣàn kí ààrò tó mú un. Bí mo ṣe ṣí fíríìjì ni iná lọ. Ìyá Ìbejì, aládùúgbò wa tí ń ta ohun mímu tútù ní ẹnu ọ̀nà, ni ó bá mi wá ọ̀nà àbáyọ. "Ìyá Tósìn, ẹ dé e pa kí ẹ gbé e wá, yìnyín ṣì wà nínú kúlà mi." Mo fi ọ̀rá wé abọ́ náà nígbà méjì, ó sì lo ìṣẹ́jú 40 láàárín píọ̀ wọ́tà àti ìgò mínírà. Nígbà tí mo gbé e jáde, ó le tó kí n máa yí i bí ọsàn wẹ́wẹ́ kékeré, ọgbọ̀n ẹyọ ni ó sì jẹ́. Mo fi àyè ìka mẹ́ta sáàárín ẹyọ kan àti èkejì, èyí tí ó bá kù ni mo máa ń dá padà sínú kúlà títí yóò fi kàn án.

Ọ̀rọ̀ ààrò gba sùúrù díẹ̀. Ààrò gáàsì tí ọ̀pọ̀ wa ń lò, abẹ́ ni iná rẹ̀ ti ń jáde, nọ́ńbà tí ó sì wà lára rẹ̀, bí kò bá tíì pa rẹ́, kì í sọ òtítọ́. Òṣùwọ̀n ooru kékeré kan tí mo gbé kọ́ sínú tèmi ni ó fi hàn mí pé ibi tí mo ń pè ní 180 lórí òṣùwọ̀n Celsius tẹ́lẹ̀ ti kọjá 210. Kí ìsàlẹ̀ má baà jó, mo dojú tírè kan dé, mo sì gbé tírè kúkíìsì lé e lórí. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni ó tó. Kí ẹni tí ó ń yan án yọ ọ́ nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá ń sọ fún un pé kò tíì jinná, tí etí rẹ̀ ti gan, tí àárín rẹ̀ sì ṣì funfun, nítorí ooru tírè yóò máa sè é lọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn tí ó bá jáde. Ẹni tí ó bá dúró de kí àárín rẹ̀ pọ́n yóò bá òkúta nínú agolo ní ọjọ́ kejì.

Àbíkẹ́yìn ilé fẹ́ lá abọ́, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bínú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ pé ẹyin tútù léwu, ṣùgbọ́n wọ́n rò pé ìyẹ̀fun inú páálí ti jinná nítorí pé ilé-iṣẹ́ ni ó ti wá. Kò jinná. Àlìkámà tí a lọ̀ lásán ni, kòkòrò àrùn bí Salmonella àti E. coli lè wà nínú rẹ̀, ooru ààrò ni ó sì ń pa wọ́n.

Ní ti owó, mo ra ìyẹ̀fun, ṣúgà, bọ́tà àti ẹyin tí yóò ṣe ọgbọ̀n kúkíìsì láìlo páálí, mo fi wọ́n wéra, èyí tí mo pò fúnra mi ni kò gbówó lórí. Àkókò tí páálí sì gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ènìyàn ì bá fi wọn nǹkan lọ. Òtútù àti ààrò kò yí padà. Síbẹ̀ ìṣirò yẹn kò rí bẹ́ẹ̀ fún ilé tí kò ní béékìn páúdà àti fánílà tẹ́lẹ̀, tí ó jẹ́ pé agolo odidi àti ìgò odidi ni yóò rà nítorí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, tí ìyókù yóò sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù títí agbára rẹ̀ yóò fi tán. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni mo rò pé páálí yìí wà fún. Ẹni tí ó ń yan nǹkan tà kò ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀, nítorí kò sí bí yóò ṣe yọ ṣúgà kúrò nínú ohun tí ilé-iṣẹ́ ti pò. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó ń yan kéèkì tà ní Èbúté-Mẹ́ta jẹ ẹyọ méjì nínú ti páálí ẹ̀kẹta, wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní, "Ó dùn. Ṣùgbọ́n ṣúgà rẹ̀ ṣì ń dá ẹ̀pà lẹ́nu dúró." Wọ́n tún mú ẹ̀kẹta. Bí a bá ní kí n fi máàkì fún un, 5 nínú 10 ni n ó fún un bí ó ṣe wà nínú páálí pẹ̀lú ìlànà àtẹnudẹ́nu yẹn, n ó sì fún un ní 8 pẹ̀lú ìyẹ̀fun, bọ́tà, iyọ̀ àti ẹ̀pà.

Mo ti ra ti ṣokoléètì sílẹ̀, nítorí mo gbà pé kíkorò kòkó yóò bá ṣúgà náà fa á ju bí fánílà ṣe lè ṣe lọ. Ó wà lórí pẹpẹ báyìí, jìnnà sí ọṣẹ. Mo ti wọn ìyẹ̀fun gíráàmù 85 sínú ọ̀rá kékeré kan, mo sì fi rọ́bà so ó mọ́ páálí náà lára.